Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: títo ìjọba àwọn aràrá inú òkè, láti orí afẹ́fẹ́ dé orí ìtẹ́

Ohun tí a fẹ́ kọ́: ìjọba àròsọ kan tí àwọn aràrá ń gbé inú òkè, tó ṣeé lò fún ìtàn kíkọ àti fún eré orí tábìlì. Iye ènìyàn: 4,000. Orúkọ tí a fi ń pè é lẹ́nu iṣẹ́: Abẹ́-Àpáta.

Ìbéèrè mẹ́ta la fi ṣe òṣùwọ̀n, a sì kọ wọ́n sórí páálí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. (a) Bí èéfín bá kún ìlú lóru, ta ló láṣẹ? (b) Bí ọkà bá ku ti ọjọ́ mẹ́wàá, ta ló ń pín in? (d) Bí awakùsà méjì bá gbẹ́ ilẹ̀ pàdé ara wọn lórí iṣan kùsà kan ṣoṣo, ta ló ni ín? Ìjọba tí kò bá lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn láàárín ìṣẹ́jú kan kò tíì di ìjọba.

Irinṣẹ́: ìwé onígun tí àpótí rẹ̀ jẹ́ mílímítà 5, pẹ́ńsù, rọ́bà ńlá kan, tábìlì ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, káàdì pélébé 60. Àkókò: wákàtí 41. Nínú rẹ̀, 17 ṣòfò, a ó sì sọ ibi tó bá lọ.

Ìpele 0. Ẹ̀dà àkọ́kọ́, tó lọ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí

Ọba kan, ìtẹ́ wúrà kan, ìdílé méje, òòlù mímọ́ kan, ìkórìíra àtayébáyé sí àwọn ará inú igbó. Ó gba wákàtí 6, ó sì dùn ún kà. Nígbà tí a gbé e síwájú òṣùwọ̀n, ìdáhùn kan náà ló fún ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọba ni. Ọba ló ń pa iná, ọba ló ń pín ọkà, ọba ló ń dájọ́ awakùsà. Níbi tí ọba ti ń ṣe ohun gbogbo, kò sí ẹni tí yóò bá a jà, òǹkọ̀wé kò sì ní rí nǹkan kọ.

Òrùlé la kọ́kọ́ kàn kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìtẹ́ ti wà nílẹ̀ kí a tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ìtẹ́ ṣe. Ní ẹ̀dà kejì a yí ọ̀nà padà: a kọ́kọ́ to àwọn ohun tó lè pa ènìyàn nínú òkè, a wá ń béèrè ẹni tó ń dènà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde, ìjòyè ni.

Ìpele 1. Òkè fúnra rẹ̀

Wákàtí 5. A ya òkè náà láti ẹ̀gbẹ́, àpótí kan dúró fún mítà 25. Ẹnu-ọ̀nà ńlá wà nísàlẹ̀. Ṣóńṣó òkè fi mítà 900 ga jù ú lọ. A fi gbọ̀ngàn ìtẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mítà 300 sí abẹ́ ẹnu-ọ̀nà, lábẹ́ ṣóńṣó gan-an, torí ibẹ̀ ló jọ ibi tó yẹ ọba.

Ooru ló tú àṣìṣe yìí fó. Bí a ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ, òkúta máa ń gbóná sí i ní nǹkan bí dígírì 25 sí 30 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. A ka jíjìn láti ẹnu-ọ̀nà, ìyẹn mítà 300, a sì rí nǹkan bí dígírì 10. Ó tutù, inú wa dùn. Àṣé iye òkúta tó wà lókè orí ẹni ló yẹ ká kà, kì í ṣe bí ẹni náà ti jìn sí ẹnu-ọ̀nà. Lábẹ́ ṣóńṣó yẹn, 900 àti 300 di mítà 1,200. A lo dígírì 25 fún kìlómítà, nítorí òkè tó ṣe ṣóńṣó máa ń tú ooru rẹ̀ nù láti ẹ̀gbẹ́. A fi dígírì 2 ti ojú òkè kún un. Ó di 32. Nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin, kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò fi aṣọ oyè jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo ihò ojú irin Gotthard ní Switzerland, tó gùn ní kìlómítà 57, tí wọ́n ṣí ní 2016. Níbi tí òkè ti ga jù lórí rẹ̀, nǹkan bí mítà 2,300, òkúta gbóná ju dígírì 40 lọ, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí ẹ̀rọ tó ń tu afẹ́fẹ́ lára.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ṣì kùnà: a gbé ìtẹ́ sí ibi tí òkúta orí rẹ̀ jẹ́ mítà 200 péré. Dígírì 7. Ọba yóò máa yáná lójoojúmọ́, iná náà yóò sì máa jẹ afẹ́fẹ́ ìlú. Níkẹyìn, ìlú gan-an jókòó síbi tí òkúta orí rẹ̀ jẹ́ mítà 600: dígírì 17, ẹnikẹ́ni kò nílò iná láti fi sùn. Gbọ̀ngàn ìtẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìsàlẹ̀ tó gbóná di ibi iṣẹ́ nìkan, òfin àkọ́kọ́ nínú ìwé òfin Abẹ́-Àpáta sì ti ibẹ̀ jáde: wákàtí méjì nísàlẹ̀, wákàtí kan lókè, ọ̀gá tó bá rú u yóò sọ̀kalẹ̀ lọ parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ìpele 2. Afẹ́fẹ́

Wákàtí 9. Ibí ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ní ti òótọ́, nítorí náà a kò kánjú.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí nǹkan bí lítà 20 carbon dioxide jáde ní wákàtí kan. Ẹni tó ń lu òkúta ń mí jáde ní ìlọ́po ìlọ́po. A mú kúbíìkì mítà 15 afẹ́fẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, àgbà àti ọmọdé. 4,000 × 15 = 60,000; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kúbíìkì mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí afẹ́fẹ́ bá ń rìn ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀nà tó ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní mítà 4, kó ga ní mítà 4 àti díẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà ńlá nìyẹn. Kànga-afẹ́fẹ́ kan náà ní irú ìwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ yọ síta nítòsí ṣóńṣó. Ìlú ẹlẹ́nu méjì ni. Ẹni tó bá di ọ̀kan nínú méjèèjì ti di ìlú lọ́fun, nítorí náà oyè kan yọ lójú ẹsẹ̀: Aláfẹ́fẹ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣìṣe ńlá àkọ́kọ́: nínú àwòrán wa, afẹ́fẹ́ ń gba ẹnu-ọ̀nà wọlé, ó ń gba kànga òkè jáde, láti January dé December. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Nígbà òtútù, inú òkè gbóná ju ìta lọ. Afẹ́fẹ́ inú fúyẹ́, ó ń gòkè jáde, ti ìta ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Nígbà ooru, inú òkè ló tutù jù. Afẹ́fẹ́ inú wúwo, ó ń ṣàn jáde láti ẹnu-ọ̀nà bí omi, ti ìta sì ń gba òkè wọlé. Láàárín àkókò méjèèjì, nígbà tí ìta àti inú bá dọ́gba ní dígírì 17, afẹ́fẹ́ á dúró. (Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó lè yí padà láàárín ọ̀sán àti òru pàápàá. A mọ̀ọ́mọ̀ fojú fo ìyẹn, kí kàlẹ́ńdà má bàa di ẹrù.)

Àṣìṣe yìí ló wá di ọrọ̀ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. A fún àkókò tí afẹ́fẹ́ dúró ní orúkọ, Ìdákẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Lásìkò Ìdákẹ́, iná àgbẹ̀dẹ kú, kò sí orin, kò sí ìjó. Ẹwìrì ńlá ni wọ́n fi ń ti afẹ́fẹ́, irú èyí tí àwọn àwòrán inú ìwé ìwakùsà Georgius Agricola ti 1556 fi hàn, tí ènìyàn tàbí ẹṣin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Gbogbo àgbà ló ní ìdá tirẹ̀ nídìí ẹwìrì, ọba pẹ̀lú. Ọba á gbé ọ̀pá àṣẹ lé Aláfẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, á gbà á padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, bí Aláfẹ́fẹ́ bá gbà pé afẹ́fẹ́ ti ń rìn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn nìkan ti tó ìtàn mẹ́rin.

Àṣìṣe kejì: ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. A kọ́kọ́ fi sí àárín ìlú, torí ó rẹwà. Èédú tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ń tú carbon monoxide jáde, gáàsì olóró tó ń pani. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. A gbé iná lọ sí ìdí kànga òkè, níbi tí èéfín ti ń bọ́ síta. Ó dára nígbà òtútù. Lẹ́yìn náà la rántí pé nígbà ooru ẹnu ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé: gbogbo èéfín yóò rọ́ lu ìlú. Kò sí ọ̀nà àbáyọ lórí àwòrán, nítorí náà a fi òfin ṣe é. Irin yíyọ́, ìgbà òtútù nìkan. Ìgbà ooru, ọjà àti ilẹ̀ gbígbẹ́. Kàlẹ́ńdà iṣẹ́ ìlú tò ara rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ó tún tú kíláàsì àwọn ènìyàn jáde. Àdúgbò tó sún mọ́ ẹnu-ọ̀nà ń mí afẹ́fẹ́ tuntun nígbà òtútù, ó ń mí àṣẹ́kù gbogbo ìlú nígbà ooru. Àdúgbò òkè, ìdàkejì. Àwọn olówó ní ilé méjì, wọ́n sì ń kó ẹrù lẹ́yìn Ìdákẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tálákà ń gbé ojú kan. Àwọn aràrá kì í sọ pé ẹnì kan lówó. Wọ́n á ní ó ń kó.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ fi àbẹ́là dán afẹ́fẹ́ wò nínú ìtàn rẹ̀. Àbẹ́là máa ń kú nígbà tí oxygen bá ti inú ìdá 21 bọ́ sí nǹkan bí 16 tàbí 17 nínú ọgọ́rùn-ún, ènìyàn sì ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá jáde. Ṣùgbọ́n kò lè ta ni lólobó nípa carbon monoxide. Iná á máa jó geere, ẹni tó gbé e á ṣubú. Ìlànà ẹ̀ṣọ́ afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ní ju àbẹ́là lọ. Tiwa ní ẹyẹ kékeré nínú àgò.

Ìpele 3. Oúnjẹ

Olú inú òkùnkùn ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: kí àgbà kan tó rí kálórì 2,000 lójúmọ́ nínú olú tútù, ó máa jẹ nǹkan bí kílò 9. Olú kì í sì í hù látinú òfìfo. Nǹkan jíjẹrà ló ń jẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e wọlé. A fi olú sílẹ̀ bí èròjà ọbẹ̀.

Ọkà, nígbà náà. Gíráàmù 600 lórí ẹnì kan lójúmọ́: tọ́ọ̀nù 2.4 fún ìlú, 876 lọ́dún. Ìbaaka kan ń ru kílò 100, ìrìn-ẹrù 8,760. Ojú ọ̀nà orí òkè ṣí fún ọjọ́ 150 kí yìnyín tó dí i, nítorí náà ìbaaka 58 tàbí 59 ló gbọ́dọ̀ wọlé lójoojúmọ́ láìsinmi. Níbí ni àwọn ará igbó tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ kórìíra ti di ẹni tí a kò gbọdọ̀ bá jà. Àdéhùn ọkà àti irin ni ìwé tó ṣe pàtàkì jù ní Abẹ́-Àpáta, ó wà lójú òkúta ní ẹnu-ọ̀nà, ní èdè méjèèjì.

Àká: àlìkámà tọ́ọ̀nù 876 ń gba nǹkan bí kúbíìkì mítà 1,140. Gbọ̀ngàn tó gùn ní 20, tó fẹ̀ ní 12, tí ọkà ga nínú rẹ̀ ní mítà 5, gbà á. A kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ nítorí ààbò. Ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. A gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu-ọ̀nà, nítorí afẹ́fẹ́ tútù tó wọlé nígbà òtútù máa ń gbẹ bó ṣe ń móoru. Ewu rẹ̀ ni pé ọ̀tá tó bá fọ́ ẹnu-ọ̀nà ti bá oúnjẹ. A fi ewu náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olóyè kejì: Aláká. Òun nìkan ló mọ iye ọkà tó kù, òfin sì ní kó kígbe iye náà síta lọ́jọ́ kìíní oṣù, kí ọba tó gbọ́.

Ìpele 4. Omi

Kò pẹ́. Ibi tó ga ju ihò ìdàminù lọ, omi ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ú lọ, ẹ ó máa fà á sókè títí ayé. Ìsàlẹ̀ Abẹ́-Àpáta rẹlẹ̀ jù ú lọ ní mítà 300. Àgbá omi ńlá, kẹ̀kẹ́ olómi, Olómi tó ń bójú tó o. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ iṣẹ́ tó jìn jù ti rì. A kò ya ju ìyẹn lọ.

Ìpele 5. Òfin kùsà

Wákàtí 7. Àṣìṣe wa: a gbìyànjú láti dá òfin sílẹ̀ látorí, ó sì gba ojú ìwé 11 tí kò dáhùn ìbéèrè (d). A jù ú nù, a lọ wo bí àwọn awakùsà tòótọ́ ṣe yanjú ọ̀rọ̀ náà, ó sì yà wá lẹ́nu bí ó ṣe mọ́ tónítóní.

Ní Derbyshire ní ilẹ̀ England, níbi tí wọ́n ti ń wa òjé nígbà kan rí, ẹni tó bá rí iṣan kùsà ló ni ín, bí ó bá gbé férémù igi tí wọ́n fi ń fa garawa sókè lé ojú ihò náà. Férémù yẹn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ó bá fi ihò sílẹ̀ láìṣiṣẹ́, olóyè kùsà á wá fi ọ̀bẹ gé àmì sára igi náà, lọ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé ara. Lẹ́yìn ìkẹta, ihò di ti ẹlòmíràn. Àwo ìdíwọ̀n kan wà tí gbogbo kùsà gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá; ti Wirksworth, tí wọ́n fi idẹ ṣe ní 1513, ṣì wà títí di òní. Àwo kẹtàlá ni ti ọba. Ní Forest of Dean, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀tọ́ awakùsà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀, kó sì ti ṣiṣẹ́ nínú ihò fún ọdún kan àti ọjọ́ kan. Ní Cornwall, ìwé àṣẹ ọba 1201 fún àwọn awakùsà tánganran ní ilé ẹjọ́ tiwọn.

A kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, a yí i sí ti aràrá. Ojú òkè ni férémù Derbyshire ń dúró sí. Nínú òkè, kò sí ojú ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè rí. Nítorí náà àmì tiwa jẹ́ fìtílà olórúkọ tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ihò. Bí fìtílà bá kú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ihò di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ tan tirẹ̀ síbẹ̀. Onídiwọ̀n, olóyè kẹrin, ló ń rìn káàkiri ká fìtílà. Ẹ̀tọ́ ọba: àwo kan nínú mẹ́tàlá. Àjèjì lè di aràrá lábẹ́ òfin lẹ́yìn ọdún kan àti ọjọ́ kan nísàlẹ̀.

Ìbéèrè (d) wá rọrùn: fìtílà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé Onídiwọ̀n ló ni iṣan náà títí dé ibi tí ihò méjèèjì ti pàdé; láti ibẹ̀ lọ, ìdajì ìdajì. A fi káàdì dán an wò, ìṣòro kan sì jáde: ẹni tó ṣòroó mú ni ẹni tó ń pa fìtílà ẹlòmíràn lóru. A fi ìjìyà tó le jù lọ nínú gbogbo ìwé òfin sí i, ju ti olè lọ.

Ìpele 6. Ìtẹ́

Olóyè mẹ́rin ti ní iṣẹ́, ọba kò tíì ní. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ ká mọ iṣẹ́ rẹ̀: òun ló ń dá ẹjọ́ tó bá wà láàárín àwọn mẹ́rin, òun ló sì ń bu ọwọ́ lu àdéhùn pẹ̀lú ìta. Kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń yan án: ìdílé mẹ́ta ló wà, tí wọ́n jẹ́ ìdá 45, 35 àti 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn 480 olórí agbo ilé. Nígbà tí a ní kí gbogbo wọn dìbò, ìdílé tó tóbi jù kàn nílò kó fa ẹnì díẹ̀ mọ́ra láti borí, lọ́dọọdún, títí láé. A lọ yá ọgbọ́n Venice. Láti 1268 ni wọ́n ti ń fi kèké àti ìbò lọ́ mọ́ ara wọn láti yan olórí: kèké mú 30, kèké dín wọn kù sí 9, wọ́n yan 40, kèké dín wọn sí 12, wọ́n yan 25, kèké sọ wọ́n di 9, wọ́n yan 45, kèké sọ wọ́n di 11, wọ́n yan 41, àwọn 41 yìí ló wá ń yan olórí. Ètò náà wà títí ìlú olómìnira yẹn fi parí ní 1797.

Ìpele mẹ́wàá pọ̀ jù fún eré orí tábìlì. A gé e sí mẹ́rin: kèké mú 9 nínú 480, àwọn 9 yan 24, kèké dín 24 kù sí 9, àwọn 9 yìí yan ọba. Ìṣirò kèké àkọ́kọ́ nìkan dùn mọ́ni. Ìdílé tó tóbi jù ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún láti rí ènìyàn 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 9. Èkejì ní 17. Tó kéré jù ní 2. Nígbà 43 tó kù, kò sí ìdílé tó dá pọ̀ jù, àfi kí wọ́n dúnàádúrà. A kò fẹ́ ju ìyẹn lọ.

Àtúnṣe kékeré: ẹni tó bá ń jẹ oyè mẹ́rin yẹn kò sí nínú kèké. Nígbà tí a gbàgbé èyí, Aláfẹ́fẹ́ di ọba nínú ìdánwò kejì, kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀pá àṣẹ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ìpele 7. Àṣà

A ní àṣà 34 lórí káàdì. A gé wọn kù sí 11. Ìlànà tí a fi gé wọn: àṣà tí kò bá ní gbòǹgbò nínú ìpele 1 sí 6, ó jáde, bó ti wù kó dùn tó. Orin òòlù jáde. Ìjà ọtí jáde. Díẹ̀ nínú àwọn tó kù:

Irùngbọ̀n. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbiná. Níwájú iná irin, inú àpò awọ ló ń wà. Ẹni tó bá jókòó sí ìgbìmọ̀ pẹ̀lú àpò náà ń sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ lòun ti ń bọ̀.

Ìtọ́sọ́nà. Kò sí ìlà-oòrùn nínú òkè. “Síwájú afẹ́fẹ́” àti “sẹ́yìn afẹ́fẹ́” ni wọ́n ń sọ, ìtumọ̀ méjèèjì sì ń yí padà lẹ́yìn Ìdákẹ́. Àjèjì máa ń sọnù nítorí èyí.

Òkú. Sísun ń jẹ afẹ́fẹ́. Sísin ń ba omi jẹ́. Ihò tí kùsà rẹ̀ ti tán ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí, wọ́n á mọ ògiri dí i. Fìtílà olóògbé á máa jó níwájú ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gẹ́lẹ́ bí òfin kùsà ṣe wí, lẹ́yìn náà ni ogún tó ṣeé pín.

Àpótí opó. Ní Goslar ní Jámánì, ìwé kan láti 1260 ti ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwọn awakùsà tó ń ran aláìsàn àti ẹbí òkú lọ́wọ́. A mú un wọlé tààrà: nínú àwo kẹtàlá ti ọba, ìdá mẹ́rin kan lọ sínú àpótí náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ opó mẹ́ta.

Èèwọ̀: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ súfèé nísàlẹ̀. Irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ wà láàárín àwọn awakùsà Cornwall pẹ̀lú. Ìdí tiwa rọrùn: ìró súfèé ni àmì ẹ̀ṣọ́ afẹ́fẹ́ pé kí gbogbo ènìyàn sá. Èyí tó wu ni jù lọ ni ti kùsà búburú. Àwọn awakùsà Jámánì ní orúkọ fún kùsà tó jọ ti fàdákà ṣùgbọ́n tí kò mú fàdákà wá, tó sì ń tú èéfín olóró jáde nínú iná. Wọ́n ní iwin abẹ́ ilẹ̀, kobold, ló fi tàn wọ́n. Ibẹ̀ ni orúkọ cobalt ti wá. Ẹ wo bó ṣe rí lójú aràrá: àwọn gan-an ni ìta ń pè ní iwin. Nítorí náà lọ́dọ̀ tiwọn, kùsà ẹlẹ́tàn ń jẹ́ “kùsà ènìyàn”.

Ìpele 8. Ìdánwò

Wákàtí 6 àti ààbọ̀. Ìdánwò tó fọ́ nǹkan: Ìdákẹ́ pẹ́ dé ọjọ́ kejìlá, ọba nílò idà 40 láti fi san gbèsè àdéhùn ọkà, àgbẹ̀dẹ kan sì tan iná ní ìkọ̀kọ̀. Ta ló láṣẹ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbẹ̀dẹ náà? Aláfẹ́fẹ́ ni. Ta ló láṣẹ láti dá a dúró bí ó bá fẹ́ ti ènìyàn 30 mọ́bẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Kò sí. Àtúnṣe: ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ méjì, èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí àdúgbò náà bá yàn.

Lẹ́yìn èyí la wá rí àṣìṣe tó dójú tì wá jù. A ṣírò ẹrù ọkà, a gbàgbé epo àti èédú. Ká ní fìtílà 1,500, gíráàmù 10 ní wákàtí kan, wákàtí 16 lójúmọ́: kílò 240, ìrìn-ìbaaka 876 lọ́dún. Ìyẹn ṣì ṣeé gbé. Èédú kò ṣeé gbé. Irin kílò kan látinú iná àtijọ́ lè jẹ èédú kílò 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tọ́ọ̀nù 50 lọ́dún ń béèrè ìrìn-ẹrù 5,000. Àpapọ̀ di 14,636. Ìbaaka 98 lójúmọ́, lójú ọ̀nà tí a ti ṣírò fún 59. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ fi sábà ń gbé kùsà lọ bá igbó, tí wọn kì í gbé igbó wá bá kùsà.

Bí irin yíyọ́ bá jáde kúrò nínú òkè pátápátá, ìdajì òfin ìpele 2 pàdánù ìdí rẹ̀. A pín in: yíyọ́ lọ sí ìletò kan létí igbó, rírọ ṣì wà nínú òkè pẹ̀lú gbogbo òfin èéfín rẹ̀. Ìletò náà ní ènìyàn 300, aràrá ni wọ́n, oòrùn ń ràn lé wọn lórí. Wọ́n ní àga kan nínú ìgbìmọ̀. Fìtílà wọn kò sí nínú ìwé Onídiwọ̀n, nítorí náà orúkọ wọn kò wọ inú kèké. Àwòrán ẹ̀dà kẹta parí síbẹ̀, a kò sì tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sórí àga náà.